Láti Tromsø dé Longyearbyen: Kìlómítà Mélòó, Wákàtí Mélòó?

Àwa tá à ń ṣètò ìrìn bàálù, ìbéèrè méjì làwọn èèyàn sábà máa ń bi wá pọ̀: báwo ló ṣe jìn tó, báwo ló sì ṣe máa pẹ́ tó? Wọ́n rò pé ẹni tó bá mọ ti àkọ́kọ́ ti mọ ìkejì nìyẹn.

Láti Tromsø ní àríwá Nọ́wè dé Longyearbyen ní Svalbard, ìyẹn àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà lókè réré lápá àríwá, tó nǹkan bí 960 kìlómítà. Tẹ́ ẹ bá rí 517 níbòmíràn, kò sẹ́ni tó purọ́. Máìlì tàwọn awakọ̀ òfurufú nìyẹn, ẹyọ kan rẹ̀ sì jẹ́ 1.852 kìlómítà. Máàpù ara ògiri lẹ kò gbọ́dọ̀ gbà gbọ́. Ayé rí roboto. Tí wọ́n bá fipá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí bébà, apá àríwá á na ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí máàpù Mercator, ìyẹn irú máàpù pẹrẹsẹ tó sábà máa ń wà lára ògiri, ọ̀nà yìí gùn ju irú rẹ̀ tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé.

Ó wá ku àkókò. Boeing 737 tó ti gòkè tán lè sáré tó 830 kìlómítà ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá pín in, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àmọ́ nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 35 sí 40 ló máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé látìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbùdókọ̀ ni wọ́n ti ń ka aago, títí tó fi dúró jẹ́ẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà òtútù, wọ́n tún lè kọ́kọ́ fi omi kẹ́míkà gbígbóná fọ yìnyín kúrò lápá rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ 100 kìlómítà ní wákàtí kan bá tún kọjú sí i lójú ọ̀nà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì ti wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ epo ló máa ń gba ìrònú mi jù. Erékùṣù kan ṣoṣo lẹ máa rí láàárín òkun, ìyẹn Bjørnøya, tó sún mọ́ agbedeméjì ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ló wà níbẹ̀, bàálù ò ríbi balẹ̀ sí. Ní Longyearbyen fúnra rẹ̀, ọ̀nà ìbalẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1975 lórí ilẹ̀ tó dì gbagidi bí òkúta. Nígbà ooru, òkè ilẹ̀ náà á yọ́ díẹ̀, ọ̀dà á sì rí gbágungbàgun, wọ́n á tún un ṣe. Tí kùrukùru bá wá bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀, àfi kí bàálù ṣẹ́rí padà sí Nọ́wè. Epo àlọ àti àbọ̀ la máa ń rọ sí i nítorí ìyẹn. Mo ti rí èrò tó fò fún ju wákàtí mẹ́ta lọ, tó tún sọ̀ kalẹ̀ sí Tromsø tó ti gbéra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ fetí sí èyí. Svalbard ò béèrè físà, àmọ́ kò sí lábẹ́ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, bẹ́ẹ̀ Nọ́wè fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ Schengen. Tromsø ni wọ́n ti ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò. Tẹ́ ẹ bá ti lọ sí Svalbard, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, ẹ ó sì tún wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Torí náà, físà Schengen tó gbani láyè láti wọlé lẹ́ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ tó sanwó bàálù.