Ìṣètò ìlú àti ìgbé ayé ará ìlú ní Àbújá

Ìṣètò ìlú ni bí a ṣe pín ilẹ̀ ìlú sí ibùgbé, ọjà, ibi iṣẹ́ àti pápá, àti bí a ṣe la ọ̀nà láti ọ̀kan dé èkejì. Ní Àbújá, olú-ìlú Nàìjíríà, òun ló ń pinnu aago tí òṣìṣẹ́ máa jí, iye tó máa ná lórí ọkọ̀, bóyá ọmọ rẹ̀ á rí ibi tó lè sáré, àti bóyá àgbàrá á wọlé tọ̀ ọ́ bí òjò bá rọ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ìlú yìí ni wọ́n ti yàwòrán rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó ń ni ará ìlú lára, púpọ̀ nínú wọn ló ṣeé tọpa rẹ̀ dé orí àwòrán náà, tàbí dé ibi tí wọ́n ti yà kúrò lórí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe yàwòrán rẹ̀

Ní 1975, ìjọba Múrítàlá Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ni alága rẹ̀, láti wò ó bóyá Ẹ̀kó ṣì lè jẹ́ olú-ìlú. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé Ẹ̀kó ti há jù, wọ́n sì yan ilẹ̀ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè. Òfin tó dá agbègbè olú-ìlú sílẹ̀ jáde ní oṣù Kejì, 1976. International Planning Associates, àjùmọ̀ṣe ilé-iṣẹ́ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, ló ṣe àwòrán ìpìlẹ̀ tí àwọn ará Àbújá ń pè ní Master Plan. Ó parí ní 1979, Kenzo Tange ará Japan sì ṣe àwòrán àárín ìlú. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó dé síbẹ̀.

Ìlú náà tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ilé Ààrẹ, ilé aṣòfin àti ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wà nítòsí Àpáta Aso. Ẹni tó bá dàgbà ní ìlú Yorùbá máa rí ìyàtọ̀ kan kíákíá: níbi tí ààfin bá wà ní ilé wa, ọjà ọba ń bẹ níwájú rẹ̀, agbo ilé sì yí wọn ká. Ní Àbújá, ọjà jìnnà sí ilé ìjọba. Ẹni tí kò ní ohun tó wá ṣe kì í dé àdúgbò yẹn.

Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo wọn lọ síbòmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ní 1978 ìjọba yí ìpinnu yẹn padà. Ìdí nìyí tí abúlé bíi Garki àti Mabushi fi wà láàárín ilé gogoro títí di òní.

Kano àti ọ̀rọ̀ Sábó

Kí wọ́n tó ronú kan Àbújá rárá ni wọ́n ti ń ya ibùgbé àwọn kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn mìíràn ní Àríwá. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kano ní 1911, àwọn Òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi fún àwọn àlejò láti Gúúsù, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Orúkọ yìí kan náà ni a gé kúrú sí Sábó nígbà tí àwọn Haúsá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Òfin ìlú ti 1917 tún ní kí àlàfo tó tó nǹkan bí 400 mítà wà láàárín ibùgbé Òyìnbó àti ti aláwọ̀ dúdú.

Kano ayé àtijọ́ mọ ohun kan tí ìlú òde òní ń gbàgbé. Kòtò tí wọ́n ti ń gbẹ́ amọ̀ mọlé, tí wọ́n ń pè ní kududdufi, ló máa ń gba omi òjò. Wọ́n ti dí púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì kọ́lé lé e lórí. Bí òjò bá wá rọ̀, omi ò ríbi lọ mọ́.

Níbi tí òṣìṣẹ́ ń sùn

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Àbújá, èyí ló wúwo jù. Owó ilé ní Maitama, Asokoro, Wuse àti Garki ti kọjá agbára òṣìṣẹ́ kékeré. Nítorí náà, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, kápẹ́ńtà àti olóúnjẹ ń gbé ní Nyanya, Karu, Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada. Àwọn mìíràn ti kọjá ààlà, wọ́n wà ní Mararaba àti Masaka ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, tàbí Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ìkànìyàn 2006 ka 1,406,239 ènìyàn fún agbègbè olú-ìlú. Ará Mararaba kò sí nínú iye yẹn, bẹ́ẹ̀ Àbújá ni wọ́n ń jí lọ lójoojúmọ́.

Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, èrò ti kún etí títì ní Mararaba. “Ẹ kú ìdájí o, ẹ sún mọ́ wa díẹ̀” ni wàá gbọ́ nínú bọ́ọ̀sì, láàárín Haúsá àti Tiv. Ìyá kan á gbé kúlà oúnjẹ lé itan, ọmọ rẹ̀ tó ti wọ aṣọ iléèwé á fẹ̀yìn tì í, á máa parí oorun rẹ̀. Láti Nyanya dé AYA, oríta tó wà ní Asokoro, kò tó ogún kìlómítà, ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè jẹ wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àdììtú níbẹ̀: ibùsùn wà lápá kan, ọ́fíìsì wà lápá kejì, ọ̀nà ńlá kan náà ni ọ̀pọ̀ sì ń gbà. Láàárọ̀, gbogbo èèyàn dojú kọ ibì kan náà; nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn á tún padà lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà agbègbè olú-ìlú, ìjọba wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí wọ́n ní ó tako Master Plan. Ní 2006 wọ́n lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú. Àwọn kan ní ìlú mọ́, ọ̀nà sì là. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì tún ni pé ẹni tí ilé rẹ̀ wó ní láti lọ wá ibi tó tún jìnnà sí i, kí owó rẹ̀ tó ká a.

Títì tí wọ́n là fún mọ́tò kì í rọ ẹlẹ́sẹ̀ lọ́rùn. Ọ̀nà Kubwa ní ojú ọ̀nà mẹ́wàá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ orí rẹ̀ sì jìnnà síra, nítorí náà àwọn èèyàn ń sáré kọjá láàárín ọkọ̀. Níbi tí ibùdókọ̀ gidi kò bá sí, wọ́n á wọ ọkọ̀ àdáni tó ń gbé èrò, èyí tí wọ́n ń pè ní along. Inú rẹ̀ sì ni àwọn olè tí wọ́n ń pè ní wan-ṣáǹsì ti ń rí èèyàn gbé.

Ibòji àti omi

Àwòrán ìpìlẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún igi àti pápá. Millennium Park, tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ní 2003, àti etí odò adágún Jabi ṣì ń gba ìdílé lálejò lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lábẹ́ ògiri gígùn Maitama lóṣù Kẹta mọ ohun tí ibòji jẹ́. Ní Kaduna, àwọn igi ọ̀gánwó tí wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láyé Òyìnbó ṣì ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ lóore.

Omi ẹ̀rọ láti adágún Usuma ń dé àárín ìlú. Ní Mpape àti Mararaba, mẹruwa tó ń ti ọmọlanke tí kẹ́ẹ̀gì kún ni ọ̀pọ̀ ń dúró dè. Ti àgbàrá tún yàtọ̀: ní Lugbe, omi ti wọ ilé ní Trademore Estate lọ́pọ̀ ìgbà, títí kan 2023, nítorí ipa odò ni àdúgbò náà wà.

Rélùwéè

Wọ́n ṣí rélùwéè inú ìlú ní 2018. Ó dúró ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún, 2024. Ó ń gba Idu kọjá láti àárín ìlú dé pápákọ̀ òfuurufú. Kò tíì dé Nyanya, níbi tí èrò ìdájí ti pọ̀ jù.