Owú Àwọn Adájọ́ Ló Bí I: Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Habeas Corpus

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan òmìnira ẹni lábẹ́ ìjọba, Magna Carta, ìwé àdéhùn láàárín ọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjòyè rẹ̀, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kì. Wọ́n á ní àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká Ọba John mọ́ Runnymede ní oṣù kẹfà 1215, wọ́n sì fi tipá gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé kò ní í ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé láìsí ìdájọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó lómìnira ni ìwé náà dárúkọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sin onílẹ̀ ńlá kò sí níbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Póòpù fi fagi lé e.

Ní tèmi, owú àwọn adájọ́ ló bí òmìnira yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, habeas corpus kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ìwé tí ilé ẹjọ́ ọba fi ń pàṣẹ pé kí wọ́n wọ́ èèyàn wá síwájú adájọ́ ni. Ilé ẹjọ́ ọba nìkan kọ́ ló sì wà: ìjọ ní tirẹ̀, àwọn onílẹ̀ ńlá ní tiwọn, ìlú ọlọ́jà náà ní tirẹ̀. Ẹjọ́ kì í wọlé lọ́wọ́ òfo, olùpẹ̀jọ́ á sanwó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé adájọ́ ọba kan ló jókòó lọ́jọ́ kan tó rò ó pé, ṣebí ìwé yìí náà lè já ẹlẹ́wọ̀n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá òun du ẹjọ́. Ẹ gbé e wá, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣe! Bí wọn ò bá rí nǹkan sọ, ó di kó máa lọ sílé.

Ní 1627, wọ́n dán an wò lára ọba fúnra rẹ̀. Charles Kìíní ti ọlọ́lá márùn-ún mọ́lé torí pé wọ́n kọ̀ láti yá a lówó. Wọ́n béèrè ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ní ọba ló pàṣẹ, ó parí. Àwọn adájọ́ gbà fún ọba. Inú bí ilé ìgbìmọ̀, wọ́n gbé ìwé ẹ̀tọ́ síwájú rẹ̀ ní 1628. Ó sì di 1679 kí òfin Habeas Corpus tó jáde. Bíṣọ́ọ̀bù Burnet ròyìn pé bí wọ́n ṣe ń ka ìbò rẹ̀ nílé àwọn ọlọ́lá, ọkùnrin kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ wọlé, ẹni tó ń kà á bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kà á sí èèyàn mẹ́wàá. Ẹnìkejì rẹ̀ kò fura, bí òfin náà ṣe wọlé nìyẹn.

Àwọn kan ní John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé lórí òmìnira, ni bàbá ọ̀rọ̀ yìí. 1689 ni ìwé tirẹ̀ jáde. Òfin ti lo ọdún mẹ́wàá nílé.

Èkó ló kù. Ní 1925, ìjọba amúnisìn yọ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí, ọba Èkó, lóyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Herbert Macaulay àti àwọn ará Èkó kò gbà. Habeas corpus ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1928 wọ́n ní adájọ́ kọ̀ọ̀kan tí Ẹlẹ́kọ bá tọ̀ lọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní 1931, Lord Atkin là á mọ́lẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ẹni tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì àfi bó bá lè fi hàn nílé ẹjọ́ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ọdún yẹn náà ni Ẹlẹ́kọ padà wọ Èkó, àwọn lọ́yà sì ń tọ́ka sí ẹjọ́ rẹ̀ títí dòní.

Ìyókù kò gùn. Òfin No. 2 ti ìjọba ológun Nàìjíríà ní 1984 ní kí ilé ẹjọ́ má dá sọ́rọ̀ àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Abala 35 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ kò bá jìnnà ju kìlómítà 40 lọ.