Níbo ni ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán Dox Thrash ti wá?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àwọn òṣìṣẹ́ tí Dox Thrash tẹ̀ sórí bébà yóò rò pé òru ló yà wọ́n. Inú dúdú kirikiri ni ojú èèyàn ti ń yọ bọ̀.

Ta ni Dox Thrash?

Ayàwòrán aláwọ̀ dúdú, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Wọ́n bí i ní Griffin, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní 1893. Ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Chicago, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Philadelphia.

Nígbà tí ọ̀dá owó dá, ta ló ń sanwó fún ayàwòrán?

Ìjọba ni. Ọrọ̀ ajé dojú dé ní 1929, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ti àwọn aláwọ̀ dúdú sì le jù. Ní 1935, ìjọba Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, dá àjọ WPA sílẹ̀ láti fún aláìníṣẹ́ níṣẹ́, kò sì yọ ayàwòrán sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wòrán àjọ yìí ní Philadelphia ni Thrash ti ń ṣiṣẹ́.

Báwo wá ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń jáde látinú dúdú?

Wọ́n ní iyanrìn líle kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ carborundum, tí wọ́n fi ń lọ ojú òkúta ìtẹ̀wé kó lè ṣeé tún lò. Ní nǹkan bí 1937, Thrash dà á sórí awo bàbà, ó sì lọ̀ ọ́ títí gbogbo ojú bàbà náà fi kún fún ihò wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá fi tàdáwà pa á báyìí, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tútù, dúdú ni gbogbo rẹ̀ yóò jáde, torí ihò kọ̀ọ̀kan ló gbé tàdáwà dání. Ibi tí ayàwòrán bá fẹ́ kó mọ́lẹ̀, àfi kó fi irin ha á, kó sì dán an títí tàdáwà kò fi ní ríbi dúró sí. Ẹ wo ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná igi: ibi tí èékánná bá gbà kọjá nìkan ló ń dán. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí, etí fìlà, ọwọ́ ló ha wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúdú ló kọ́kọ́ wà lórí bàbà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ló wá bá a níbẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tó yẹ ojú àwọn èèyàn wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé òun nìkan ló hùmọ̀ ọ̀nà yìí?

Rárá o, àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Michael Gallagher àti Hubert Mesibov, bá a dá sí i. Thrash fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Opheliagraph, torí Ophelia lorúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ náà kò ràn, ó sì dùn mí.

Àwọn wo ló ń yà?

Àwọn ará ilé àti aládùúgbò: ìdílé níwájú ahéré ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́bìnrin, òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ohun ìjà ni kì í gba aláwọ̀ dúdú síṣẹ́ nígbà náà, àfi ìgbà tí A. Philip Randolph, aṣáájú òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú, halẹ̀ pé àwọn yóò wọ́ dé Washington, tí Roosevelt sì fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù kẹfà 1941 pé irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dópin. Ní nǹkan bí ọdún yẹn ni Thrash tẹ Defense Worker (Òṣìṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ohun Ìjà): ọkùnrin dúdú kan, lẹ́nu iṣẹ́.