Wákàtí àti Ibi Ni Mo Máa Ń Kọ́kọ́ Yọ

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í fi fídíò ọkọ̀ ológun tó tò lọ bẹẹrẹ lójú pópó ránṣẹ́ sí wa níbi iṣẹ́ ìròyìn. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí i lábẹ́ kì í yí padà: yàjóyàjó ni o, ẹ gbé e jáde kíákíá. Bí a bá ní a ò gbé e, wọ́n á ní ìjọba ti fún wa ní rìbá. Bó bá wá di ọjọ́ mìíràn tí a kọ ọ́ pé àwọn sójà kan yìnbọn pa ẹni tí wọ́n ti dè lọ́wọ́, àwọn èèyàn yìí kan náà á fariga pé ọ̀dàlẹ̀ ni wá, pé a ń tú àṣírí ológun. Ó ti sú mi.

Bóyá nǹkan jẹ́ àṣírí tàbí kì í ṣe àṣírí kọ́ ni ìbéèrè olóòtú. Ọ̀pọ̀ ohun tó wọ ọ́fíìsì ológun ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ àṣírí fún, títí kan èyí tó jẹ́ pé ìtìjú ọ̀gá kan ló ń bò mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, bí ọ̀tá bá gbọ́ èyí nísinsìnyí, ta ni yóò kú? Bó bá jẹ́ ọmọ ogun tó ṣì wà lójú ọ̀nà ni, ìròyìn dúró. Bó bá jẹ́ pé ojú ni yóò kàn ti ẹnì kan, mo tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Mo máa ń pe agbẹnusọ ológun tẹ́lẹ̀, mo sì máa ń ní kó fi ìka tọ́ gbólóhùn tó lè pa èèyàn hàn mí. Bó bá tọ́ ọ, mo yọ ọ́ láìjanpata. Bó bá ń ṣe ààbò orílẹ̀-èdè lókè, ààbò orílẹ̀-èdè nísàlẹ̀, tí kò rí gbólóhùn kan tọ́ka sí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tẹ ìròyìn mi.

Lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ ìròyìn ABC ti ilẹ̀ Ọsirélíà gbé ohun tó wà nínú ìwé àṣírí jáde nípa ohun tí àwọn ọmọ ogun àkànṣe orílẹ̀-èdè náà ṣe ní Afghanistan. Ní oṣù kẹfà 2019, ọlọ́pàá ya wọ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2020, ìwádìí tí iṣẹ́ ológun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ sọ pé ẹ̀rí tó ṣeé gbà wà pé èèyàn 39 ni wọ́n pa láìtọ́. Ìròyìn wo ló wá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ nínú ìyẹn?

Àwọn kan tún gbà pé ohunkóhun tó bá ṣáájú ìkọlù kò gbọdọ̀ jáde rárá. N kò gbà. Ní oṣù kẹrin 1961, ìròyìn kan wà lọ́wọ́ New York Times pé Amẹ́ríkà ń kọ́ àwọn ará Cuba tó sá kúrò nílé láti lọ gbógun ti Fidel Castro, olórí Cuba. Àwọn ọ̀gá ìwé ìròyìn náà sọ àkọlé rẹ̀ di kékeré, wọ́n yọ orúkọ CIA, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ pé ìkọlù náà kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ 17, àwọn ará Cuba náà gúnlẹ̀ sí Bay of Pigs, etíkun kan ní Cuba, àwọn tó kú nínú wọn lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn tí wọ́n mú lé ní ẹgbẹ̀rún. Kennedy, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fúnra rẹ̀ sọ fún olóòtú ìwé ìròyìn náà lẹ́yìn náà pé ká ní wọ́n tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, wọn ì bá gba òun lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá. Pé ìjọba ń múra ogun lẹ́yìn àwọn ará ìlú, ọ̀rọ̀ ìlú nìyẹn. Etíkun tí wọ́n máa gúnlẹ̀ sí àti òru tí wọ́n máa gúnlẹ̀ ni kò kan òǹkàwé.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, kó wo Jeffrey Goldberg, olóòtú ìwé ìròyìn The Atlantic ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta 2025. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ṣèèṣì fi í kún ẹgbẹ́ kan lórí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ bíi WhatsApp, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò ìkọlù sí àwọn ọlọ́tẹ̀ Houthi ní Yemen. Ní ọjọ́ 15, wọ́n kọ wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú máa gbéra síbẹ̀ kí bọ́ǹbù tó balẹ̀. Goldberg jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé ìtajà ńlá kan, ó ń retí bóyá òótọ́ ni. Kò kọ ohunkóhun. Ìgbà tí ìròyìn ìbúgbàù jáde láti Sanaa, olú ìlú Yemen, ló tó gbà á gbọ́, ọjọ́ 24 ló tó tẹ ìròyìn rẹ̀, kò sì fi wákàtí àti ohun ìjà sí i. Ìgbà tí àwọn aláṣẹ wá ní kò sí àṣírí kankan níbẹ̀ ló tó tẹ ìyókù. Iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí fídíò yín. Ẹ rò pé tí ẹ bá ti fi nǹkan bo ojú àwọn sójà náà, ó tán. Kò tán! Òjìji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ń sọ aago tó lù. Òpó iná, àwọ̀ ògiri, orí òkè tó yọ lẹ́yìn ilé, gbogbo wọn ń sọ ibi tí ẹ dúró sí. Inú fáìlì àwòrán fúnra rẹ̀ ni fóònù máa ń tọ́jú wákàtí àti ibi tí wọ́n ti yà á sí, àyàfi tí wọ́n bá pa á. Iye ọkọ̀ tó kọjá ń sọ iye ọmọ ogun tó wà nínú wọn. Ẹ rántí Strava, áàpù àwọn tó ń sáré fún ìlera: máàpù tó gbé jáde lọ́dún 2017 fi ojú ọ̀nà tí àwọn sójà ti ń sáré nínú bárékè hàn ní Síríà àti Afghanistan, ó sì di oṣù kìíní 2018 kí ayé tó ṣàkíyèsí. Akọ̀ròyìn kankan kò kọ gbólóhùn kan níbẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ó ti wà lórí WhatsApp. Ẹni tó ní fóònù àti ojú ìwé Facebook, tí kò ní olóòtú, tí kò pe ẹnikẹ́ni kó tó tẹ bọ́tìnnì, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìròyìn, ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wá òǹwòran ni. Pípa tó pa á rẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan kò wúlò, torí àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀.

Kì í ṣe wọn nìkan náà. Ní Mumbai, ní Íńdíà, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2008, agbébọn mẹ́wàá ya wọ ìlú, èèyàn 166 ni wọ́n pa kí ó tó parí. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ní olóòtú, tó ní owó, tó ní orúkọ, ló gbé kámẹ́rà kọjú sí ibi ìjà. Láàárọ̀ ọjọ́ 28, àwọn ọmọ ogun àkànṣe ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ láti inú hẹlikọ́pítà sórí òrùlé Nariman House, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí agbébọn wà, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀. Àwọn tó rán agbébọn wọ̀nyẹn jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní Pakistan, fóònù wà létí wọn, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń rí fún àwọn tó wà nínú ilé. Ó wà nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Bí ìwé ìròyìn bá tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì pé orí òrùlé ni wọ́n gbà wọlé, ta ni yóò bínú? Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà sọ̀rọ̀ sí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà lọ́dún 2012, ó ní wọ́n fi ẹ̀mí àwọn agbófinró sínú ewu, wọn ò sì lè fi òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ gbèjà rẹ̀. Lọ́dún 2015, ìjọba wá fi kún òfin tẹlifíṣọ̀n pé kò sí gbígbé ìjà àwọn agbófinró pẹ̀lú irú agbébọn bẹ́ẹ̀ jáde tààrà mọ́. Ohun tí òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn bá sọ ni kí wọ́n máa gbé títí iṣẹ́ fi máa parí. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwa la lè ti fi ọwọ́ ara wa yọ wákàtí àti ibi, ká sì dúró síbẹ̀ ká máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní báyìí, bí òṣìṣẹ́ náà bá purọ́ nígbà tí ìbọn ṣì ń dún, irọ́ náà ni tẹlifíṣọ̀n máa gbé.