Pé Wọ́n Bèèrè Ní Pálíámẹ́ǹtì Kò Sọ Ọ́ Di Òfin

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú tipẹ́, kò sì jọ pé ó fẹ́ dáwọ́ dúró. Aṣòfin kan á dìde nílùú London, á bi mínísítà léèrè nípa àwọn nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ owó oṣù, ó lè jẹ́ físà, ó lè jẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́, kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti ń pín in kiri pé "UK ti fọwọ́ sí i." Fọwọ́ sí kí ni? Ta ló fọwọ́ sí i? Èèyàn béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dá a lóhùn, ó parí. Àwọn oníṣòwò gẹdú náà ní tiwọn, mínísítà kan á sọ pé ìjọba ń wo ọ̀rọ̀ igi tí wọ́n ń kó wọ̀lú, wọ́n á ní òfin tuntun ti dé nìyẹn, tàbí kí wọ́n ní ti àtijọ́ ti kú.

Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé pé Pálíámẹ́ǹtì yàtọ̀ sí ìjọba, ṣebí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bíbi mínísítà léèrè kì í sì í ṣe nǹkan tuntun, èyí tó kọ́kọ́ wà nínú àkọsílẹ̀ ni ti ọdún 1721, nígbà tí Earl Cowper béèrè nílé àwọn Lord, ọ̀kan nínú ilé méjì tí Pálíámẹ́ǹtì ní, bóyá òótọ́ ni pé akápò ilé-iṣẹ́ South Sea ti sá kúrò nílùú. Ìbéèrè dáadáa. Kò mú akápò yẹn padà wálé.

Bó ṣe ń lọ lónìí ni pé aṣòfin lè béèrè lójúkojú, ó sì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, irú kan wà tí aṣòfin máa ń fúnra ẹ̀ mú ọjọ́ tó fẹ́ gba èsì, márùn-ún péré lẹnì kan lè fi sílẹ̀ nírú ẹ̀ lóòjọ́. Tí wíwá èsì bá máa ná ìjọba ju £850 lọ, mínísítà lè sọ pé ó ti wọ́n jù, òun ò dáhùn, kò sì sẹ́ni tó máa mú un sí i. Èyí tó wá wọ́pọ̀ nínú èsì ni "ìjọba kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́." Ẹlòmíì á ka èyí, á ní ìjọba ti kọ̀ ọ́ pátápátá, ẹlòmíì á ní ìjọba ti ṣèlérí pé kò sóhun tó máa yí padà. Kò sọ ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tí èsì de mínísítà mọ́ ò ju òótọ́ lọ, Commons, ilé àwọn aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn, ṣe ìpinnu ní March 1997 pé mínísítà gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ilé, tó bá sì ṣì í sọ kó tètè tún un ṣe. Òótọ́ nípa ohun tó wà nílẹ̀ ni o, ìlérí ọjọ́ iwájú ò sí ńbẹ̀.

Títí débí, àwọn tó ń bá mi jiyàn máa ń gbà. Ibi tí wọ́n máa ń sá sí ni ìbò. Wọ́n á ní "ó dáa, ìbéèrè ò de ìjọba, àmọ́ tí ilé bá dìbò ńkọ́?" Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ó dà bí ẹni pé ìbò ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ ká ìjọba lápá kò, lójú gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kan nọ́ọ̀sì tààrà, 13 September 2017. Láti 2013 ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n 1% lọ́dún dé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lórí, kí ọjà wọ́n kó má wọ́n, kò kan ìjọba. Ẹgbẹ́ Labour, tó jẹ́ alátakò nígbà náà, gbé àbá wá sí Commons pé kí wọ́n mú òdiwọ̀n yẹn kúrò fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba. Theresa May tó jẹ́ olórí ìjọba ò ní èèyàn tó pọ̀ tó nílé mọ́ lẹ́yìn ìdìbò June ọdún yẹn, àwọn mẹ́wàá ti DUP, ẹgbẹ́ kan láti Northern Ireland, ló ń fẹ̀yìn tì, DUP wá lọ sọ pé àwọn máa bá Labour lọ lórí èyí. Ẹ gbọ́ ohun tí ìjọba ṣe. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn wọn jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n má bá wọn dá sí i rárá. Kò tiẹ̀ sí kíka ìbò, àbá wọlé wẹ́rẹ́, Commons ti sọ pé kí wọ́n fi kún owó nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí kọ́bọ̀ tó wọ owó nọ́ọ̀sì kankan.

Kì í ṣe pé ìjọba rú òfin, ohun tó ń dun èèyàn nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é jẹ́ ọjọ́ àwọn alátakò, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ló ń yan ohun tí ilé máa jíròrò, ogún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà ní sáà ìjókòó ilé kan, ẹgbẹ́ alátakò tó tóbi jù ló ni 17, mẹ́ta tó kù jẹ́ ti ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e. Àbá tó bá wọlé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ èrò ilé, ó kàn ń sọ ohun tí ilé rò ni. Ariwo wá pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àwọn aṣòfin bínú pé kí ló dé tí ìjọba ń sá fún ìbò, ni Andrea Leadsom tó ń darí ètò ilé fún ìjọba bá jáde ní October pé láti ìsinsìnyí lọ, tí irú àbá bẹ́ẹ̀ bá wọlé, mínísítà tọ́rọ̀ kàn máa wá sọ fún ilé láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá ohun tí òun ti ṣe sí i. Ẹ kà á dáadáa. Ohun tí ilé rí gbà nínú gbogbo ẹ̀ ni àlàyé, wọ́n sì fún ìjọba ní ọ̀sẹ̀ méjìlá láti fi wá a.

Ẹnì kan á wá ní "àmọ́ owó yẹn wá pọ̀ sí i o!" Bẹ́ẹ̀ ni. Ní October yẹn kan náà Jeremy Hunt, tó jẹ́ mínísítà ìlera, sọ pé òdiwọ̀n 1% ti lọ, nígbà tó sì di 2018 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ọdún mẹ́ta tó fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ NHS ní 6.5% ó kéré tán. Ṣé àbá yẹn ló fà á? Mi ò lè búra pé òun kọ́, ṣùgbọ́n ní 12 September, ọjọ́ kan géérégé kí àbá yẹn tó wọlé, ìjọba fúnra ẹ̀ ti mú òdiwọ̀n náà kúrò lórí àwọn ọlọ́pàá àtàwọn wọ́dà, ìyẹn ni pé ògiri ti ń sán kí ẹnikẹ́ni tó tì í. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ iye tó jẹ́ iṣẹ́ àbá àti iye tó jẹ́ iṣẹ́ ìbẹ̀rù ìdìbò tó ń bọ̀, ẹ rọra máa wò ó.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó ń pín ìròyìn wọ̀nyí ò mọ̀, ká ní wọ́n mọ̀ ọ́n ni, ìdajì ariwo yìí ò ní wáyé. Òfin tí Commons fi ń darí ara ẹ̀, Standing Order 48, sọ pé tó bá ti di ọ̀rọ̀ ná owó ìlú, ìjọba nìkan ló lè kọ́kọ́ dá a. Ìlànà yẹn ti lé ní ọdún 300. Aṣòfin lè béèrè owó, ó lè sunkún owó, ó lè kó àwọn nọ́ọ̀sì wá jókòó sókè níbi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí, àmọ́ kò lè fi àbá tiẹ̀ ṣí àpò owó ìlú. Owó oṣù nọ́ọ̀sì náà sì ní ọ̀nà tiẹ̀, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń yẹ owó oṣù NHS wò tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn, ìjọba ló sì ń pinnu.

Ẹ wo ti owó ìrànwọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. George Osborne, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, kéde ní November 2015 pé ní England kí wọ́n yé gbà á, kí wọ́n lọ máa yáwó bíi akẹ́kọ̀ọ́ yòókù. Ìwé ẹ̀bẹ̀ jáde, ó kọjá 100,000 ìbuwọ́lùwé, wọ́n jíròrò ẹ̀ ní Westminster Hall, yàrá ìjíròrò kan ní Pálíámẹ́ǹtì, ní January 2016, ọ̀rọ̀ dáadáa jáde. August 2017 dé, owó náà dópin fún àwọn tó ń wọlé. Nígbà tí ọ̀kan padà wá ní September 2020, £5,000 ó kéré tán lọ́dún, ìjọba ló dìde kéde ẹ̀ ní December 2019, owó ilé ìwé sì ṣì wà lọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, wọn ò yọ tiwọn rárá, torí ọ̀rọ̀ ìlera wọn ò sí lọ́wọ́ London. Ìyẹn tún jẹ́ àṣìṣe míì o, mínísítà ìlera ní London á dáhùn nípa nọ́ọ̀sì England, àwa á ní "UK."

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Hunt yẹn kan náà. Nígbà tó ti kúrò nípò mínísítà, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlera ní Commons, ó ń lé ìjọba pé kí wọ́n fi sínú òfin pé ọdún méjì-méjì ni kí wọ́n máa gbé iye nọ́ọ̀sì àti dókítà tí England máa nílò jáde. Wọ́n dìbò, wọ́n lu àbá ẹ̀ bolẹ̀. Òfin Health and Care Act 2022 jáde pẹ̀lú ìròyìn kan lọ́dún márùn-ún. Ní October ọdún yẹn kan náà wọ́n sọ ọ́ di mínísítà ètò ìnáwó, nígbà tó di November ó kéde pé ètò òṣìṣẹ́ NHS ń bọ̀ tòun ti ìṣirò ẹ̀, ó sì jáde ní June 2023. Ẹni kan náà ni o, ohun tó ń fẹ́ ò sì yí padà, àga tó jókòó sí ló yí padà.

Mi ò ní ìbéèrè ò wúlò o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ní 20 May 2020, Keir Starmer tó ń darí ẹgbẹ́ alátakò nígbà náà bi Boris Johnson tó jẹ́ olórí ìjọba bóyá ó tọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá láti ìlú òkèèrè máa san owó ìlera £400 lọ́dún, tó tún fẹ́ di £624, lórí NHS tí àwọn fúnra wọn ń dì mú. Johnson kọ̀, ó ní ìjọba nílò owó yẹn. Ní ọjọ́ kejì ó yí i padà. Àmọ́ àrùn Corona wà nílẹ̀, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Johnson gan-an ti ń kùn. Aṣòfin tí kì í ṣe mínísítà náà lè mú òfin jáde, ní Wales, Kirsty Williams gbé àbá tiẹ̀ títí ó fi di òfin ní 2016 pé iye nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ tó. Ṣùgbọ́n àbá òfin nìyẹn, ó rìn gbogbo ìrìn tí òfin ń rìn, kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n béèrè lọ́sàn-án Wednesday, ọjọ́ tí wọ́n ń bi olórí ìjọba léèrè.

Ti gẹdú tiẹ̀ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún igi tí UK ń lò ni wọ́n ń kó wọlé. Òfin tó wà lórí ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti March 2013: ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé igi náà sórí ọjà gbọ́dọ̀ wádìí bóyá wọn ò gé e lọ́nà àìtọ́, tí ilé ẹjọ́ bá sì mú un, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún méjì. Defra, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ló ni ètò, ẹ̀ka ìjọba míì, OPSS, ló ń lé ẹni tó bá rú u, kọ́sítọ́ọ̀mù ló ní ìṣirò ohun tó wọlé, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ló ń fòfin de èèyàn. Ẹ bi mínísítà kan léèrè, á dáhùn nípa ìdá tiẹ̀ nìkan, tí ẹ bá sì rò pé gbogbo ìjọba ló sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ti ṣì í gbọ́.

Kódà òfin gan-an lè wà kó má tíì bẹ̀rẹ̀. Environment Act ti November 2021 ní apá kan tó máa de àwọn ọjà tó ń run igbó, irú bíi kòkó, epo pupa, sóyà, awọ màlúù. Wọ́n dìbò sí i, ó di òfin, ó sì ku kí mínísítà gbé ìlànà kékeré jáde kó tó lè mú ẹnikẹ́ni. Àwọn aṣòfin béèrè, wọ́n tún béèrè, èsì ni pé ó máa jáde nígbà tí àyè bá yọ nínú iṣẹ́ ilé. Títí ìjọba yẹn fi kúrò ní July 2024, àyè ò yọ.

Torí náà ẹ̀yin tó ń fi ìròyìn ilé aṣòfin ṣètò ìrìn àjò tàbí òwò, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù torí pé "wọ́n ti sọ ọ́ ní Pálíámẹ́ǹtì," ẹ ní kó fi ìlànà tó ti jáde hàn yín, tòun ti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí kò bá ní i ẹ mú owó yín dání. Àìbéèrè náà kì í ṣe ààbò o. Ní June 2021, ìjọba UK fòfin de ilé-iṣẹ́ gẹdú ìjọba Myanmar tó ń ta igi teak, agbára tí òfin ọdún 2018 ti gbé fún mínísítà ni wọ́n lò, kò nílò kí ilé dìbò kó tó múlẹ̀. Tí ẹ bá ń kó gẹdú, lísìtì àwọn tí wọ́n fòfin dè ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ó lè yí padà nígbàkigbà láìjẹ́ pé aṣòfin kankan la ẹnu.