Owó Tó Wọlé Kọ́ Ni Èrè: Fún Ẹni Tó Ń Kọ Fọ́ọ̀mù Owó Orí Ara Rẹ̀

Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòpò lórí owó orí, torí wọ́n ti ń yọ ọ́ lóṣooṣù kí owó tó dé báǹkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà ní Ọjà Atakúnmọ́sà, ẹ̀yin télọ̀ àti wẹ́dà Iléṣà, kò sẹ́ni tó ń bá yín yọ ọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lòfin ní kẹ́ ẹ ṣírò ohun tẹ́ ẹ jẹ lérè lọ́dún, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó sì dé ọ́fíìsì owó orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e. Ibi tẹ́ ẹ ń gbé ni wọ́n ń wò. Ẹni tó ń kó ọjà ní Èkó, tó sì ń sùn sí Ìsọ̀kùn, Ọ̀ṣun ló ni owó orí rẹ̀. Orúkọ òwò tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, kò sì sọ ṣọ́ọ̀bù di kọ́ḿpìnnì. Ọrùn ẹni tó ni ín ni owó orí náà wà.

Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà jù ni pé wọ́n ń kọ gbogbo owó tó gba ọwọ́ wọn kọjá bí ẹni pé èrè ni. Ẹ jẹ́ ká mú aláṣọ kan. Ó tajà ₦6,000,000 lọ́dún. Ó fi ₦3,900,000 ra ọjà, ó san ₦150,000 fún ṣọ́ọ̀bù, ₦200,000 fún epo jẹnẹrétọ̀, ₦240,000 fún ọmọ tó ń bá a tà, ₦110,000 fún ọkọ̀. Èrè rẹ̀ kù sí ₦1,400,000.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026, tún ní kó yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó ń gbé, ṣùgbọ́n ohun tó máa yọ náà kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. ₦200,000 ló ń san fún ilé, nítorí náà ₦40,000 ni yóò yọ. Ó ku ₦1,360,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí kankan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 ni. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. (Ìdá 25 ni ó ga jù, àwọn tí èrè wọn kọjá ₦50,000,000 ló kàn.) Ìdá 15 lórí ₦560,000 tó kù jẹ́ ₦84,000. Ká ní ó kọ ₦6,000,000 yẹn kalẹ̀ ní èrè, tó sì yọ ₦40,000 owó ilé yẹn náà, ₦862,800 ni wọ́n ì bá ní kó san.

Àkọsílẹ̀ ló sì fa ìyàtọ̀ náà. Ìwé kọ́bọ̀-kọ́bọ̀ kan tó. Ìlà kan fún ìtajà kọ̀ọ̀kan: "Ìyá Ṣadé, àǹkárá mẹ́ta, ₦18,000, ó san ₦10,000, ó ku ₦8,000." Láti ayé àwọn Òṣómàáló ni Ìjẹ̀ṣà ti mọ àwìn títà, ẹ má fi gbèsè síbi tí kò sí lákọsílẹ̀. Gbèsè tẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé ó ti kú, tí ẹ ti bèèrè títí tí wọn ò san án, òfin gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́. Èyí tó wà nínú orí yín nìkan, tí kò sí nínú ìwé, kò ṣeé yọ.

Ẹ wo álàátì yín náà. Owó àjọ tó yípo kàn yín, owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, owó tẹ́ ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sí èyí tó jẹ́ èrè nínú wọn. Ṣùgbọ́n agbowó-orí tó ń wo àkáǹtì yín kò mọ̀yẹn. Ẹ ya àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù sọ́tọ̀. Lápá kejì, owó ilé-ìwé ọmọ, oúnjẹ ilé àti aṣọ ẹbí kì í ṣe ìnáwó òwò, bó ti wù kí aṣọ náà wọ́n tó.

Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ já sí òdo kò ní san kọ́bọ̀, síbẹ̀ kó kọ fọ́ọ̀mù. Ìtanràn ẹni tí kò kọ ọ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá lórí rẹ̀. Ó le jù fún ẹni tó ń ta ata, lójú tèmi, ṣùgbọ́n òfin ni.

Tí wọ́n bá gbé iye kan fún yín tí kò bá èrè yín mu, ẹ má bínú jókòó sílé, ẹ má sì bá wọn jà. Ẹ kọ̀wé ta kò ó láàárín ọjọ́ 30, kẹ́ ẹ so àkọsílẹ̀ yín mọ́ ọn. Báǹkì ni kẹ́ ẹ ti san owó, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ sì tọ́jú risíìtì, torí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní tax clearance, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ti san owó orí rẹ̀.