Bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì láti ṣe kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀ ewéko

Kọ́kọ́rọ́ ìdámọ̀ ewéko jẹ́ ìbéèrè tí a tò tẹ̀léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdáhùn méjì péré, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń darí ẹni sí ìbéèrè mìíràn tàbí sí orúkọ ewéko tí à ń wá. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: Lamarck, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lò ó nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1778 lórí àwọn ewéko ilẹ̀ wọn.

Ewé ọjà tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kó mọ̀ríńgà, efinrin, ewédú, gbúre, ewúro àti tẹ̀tẹ̀ wá sí kíláàsì tẹ̀ka-tẹ̀ka, ìbéèrè márùn-ún ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí pé iye ìbéèrè máa ń fi ẹyọ kan dín sí iye ewéko. Èkíní ń béèrè bóyá ewé náà pín sí ọmọ ewé wẹ́wẹ́. Mọ̀ríńgà nìkan ló pín. Èkejì ń béèrè bóyá ewé so ní méjì-méjì tó kọjú síra, efinrin nìyẹn. Ẹ̀kẹta ń wo ìdí ewé, níbi tí ewédú ti ní ohun méjì tín-ín-rín bí irun. Ewé gbúre nípọn, omi sì kún inú rẹ̀. Ní ìkẹyìn, igi ewúro le, ti tẹ̀tẹ̀ rọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù, nítorí wọ́n lè mú ọmọ ewé mọ̀ríńgà kan ṣoṣo kí wọ́n ní odindi ewé ni. Èéhù ni kí wọ́n wá: ó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ ibi tí odindi ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, kò sì sí ní ìdí ọmọ ewé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tún fẹ́ràn láti kọ “ewé ńlá” tàbí “ewé kékeré”, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó lọ́ràá lè sọ ewé tẹ̀tẹ̀ di ńlá. Àwọn mìíràn á kọ “ó korò” fún ewúro. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́ ewé tí kò mọ̀ wò?

Ẹni tí kò bá wọn ṣe é ló yẹ kó dán kọ́kọ́rọ́ náà wò. Bí ó bá mú tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́, tó sì bá ara rẹ̀ nídìí gbúre, ìbéèrè kẹrin ni wọn yóò tún kọ.